Oòrùn Sókótó àti Páńẹ́ẹ̀lì Orí Òrùlé Wa



Ọdún 1982 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí agbára sílẹ̀ ní yunifásítì ìlú yìí, èyí tí à ń pè ní Usmanu Danfodiyo lónìí. Oòrùn tiwa ló fà á.

Sílíkọ́nì, tí wọ́n ń yọ lára yanrìn, ló wà nínú páńẹ́ẹ̀lì sólà wa. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ di iná; ooru ń bà á jẹ́ ni. Bí ó bá ti gbóná kọjá dìgírì 25, bí ìdá 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń dínkù fún dìgírì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé 65, nǹkan bí 16 nínú 100 ti lọ nìyẹn. Owó wa ló ń lọ! Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ páànù. Kí afẹ́fẹ́ ráyè gba abẹ́ rẹ̀.

Ní 2009, Tsutomu Miyasaka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan lo èròjà tuntun kan, perovskite. Ìdá 3.8 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló sọ di iná nígbà náà. Ní ilé ìwádìí, ó ti ju 25 lọ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti ooru tètè ń bà á jẹ́.

Ta ni yóò wá èyí tí yóò fara da ooru Sókótó? Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì.