Ìkànìyàn àti Àkọsílẹ̀ Inú Ẹ̀rọ



Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní ayé owó orí, ẹlòmíràn a sá wọ oko kí a má baà kà á. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò mọ iye ọmọ tí ń bẹ ní ìlú kò lè mọ iye ilé ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ síbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 140,431,790 ni ń bẹ ní Nàìjíríà. Èyí tí a ṣètò fún ọdún 2023, a sún un síwájú.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń béèrè pé: kí ni a tún ń fi akànìyàn ṣe, nígbà tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ń kó àkọsílẹ̀ jọ tọ̀sán tòru? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn olùwádìí tọpa nọ́ńbà fóònù bíi 1,900,000. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 630,000 ènìyàn ti kúrò ní Port-au-Prince láàárín ọjọ́ 19. Nígbà tí àjọ UNFPA bi àwọn ènìyàn léèrè lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n ní àwọn sá lọ bá ìṣirò náà mu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Google fi ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì díwọ̀n àìsàn fúlúù ní Amẹ́ríkà. Ní ìgbà òtútù ọdún 2012 sí 2013, ìdíwọ̀n náà ju ìlọ́po méjì iye tí ìjọba gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà lọ. Bí kò bá sí ìwé àwọn dókítà, ta ni ì bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ṣìnà?

Ẹ wo ìlú tiwa náà. Oníṣòwò kan lè ní fóònù méjì. Ìyá àgbà tí ń bẹ ní abúlé kò ní ẹyọ kan. Ẹ̀rọ yóò ka ti ìṣáájú lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fo ti ìkejì dá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a fò yìí gan-an ni ó nílò ilé ìwòsàn nítòsí jù lọ.

A kò wí pé kí ìjọba kọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Kí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ akànìyàn, kí ó má ṣe gba ipò rẹ̀. Kí a sì yọ orúkọ oníkálukú kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a máa forúkọ ọmọ tí a bí àti òkú tí a sin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí akànìyàn bá sì dé, ẹ jẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn fún un, kí a má bù mọ́ ọn, kí a má sì yọ nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe.