A Gun Kẹ̀kẹ́ Gba Àfonífojì Odò Ògùn Lọ sí Abẹ́òkúta
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Festac Town)

 A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Agboju dé ni, àwọn mìíràn sì ti ìdíkọ̀ Mile 2 wá tààrà.

A ti ṣèlérí pé a ó sọ bí àwa àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti kíláàsì yìí ti gun kẹ̀kẹ́ dé Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Amúwò-Ọ̀dọ̀fin pé láti Festac ni a ti gun kẹ̀kẹ́ títí dé abẹ́ Olúmọ láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Mile 2 sí Òṣòdì, tí ó mọ àwọn ọkọ̀ agbépo àti tírélà tí ń lọ sí Àpápá, kò ní ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ àárín wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kó àwa àti kẹ̀kẹ́ dé Sángo Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni a ti gùn ún.

Kí ló dé tí a fi lọ? Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ló ń parí ìwé kìíní, tí wọn á fi ìwé náà sórí àjà, tí wọn kò ní ṣí i mọ́. Kí ọdún tó yípo, ABD ti fò lọ. Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ti rí i lára ọmọdé, a sì rí i lára àgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù náà, ìyá kan tí ń ta ẹja dìde nínú kíláàsì yìí, ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun o. Mo ti mọ orúkọ mi í kọ. Kí ni mo tún ń wá?” Ó ti ń ká gèlè rẹ̀. Òun ló mú mẹ́ta nínú àwọn obìnrin tó jókòó níbí wá. Bí ó bá lọ, àwọn náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. A ní, “Ìyá, ẹ bá wa dé Abẹ́òkúta ná. Bí a bá dé, tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, a ó sìn yín dé ẹnu ọ̀nà.” Ará Ìtọ́kú ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ó sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Badagry. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ìjọba kọ́ ilé wọ̀nyí fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Títì rẹ̀ gbòòrò, ó sì tọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ kẹ̀kẹ́ ní Festac kò tíì mọ òkè, kò sì tíì mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá kan nínú wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílẹ táyà to gbogbo kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé wáyà ti ẹ̀yìn lára kẹ̀kẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti já kù díẹ̀, fọ́nrán méjì péré ló kù. Ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan, òun ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá fà á yọ, ó sì fi tuntun sí i.

Òfin kan ṣoṣo ni a ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn láì jẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Àkọ́kọ́ tí a bá pàdé ni OTA. Bàbá onítáyà sún mọ́ ọn, ó fojú wò ó, ó sì kígbe pé, “Ọ̀tá!” Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Inú bí bàbá. Ó ní, “Kí ni ẹ ń rín? Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà.” Òótọ́ ló sọ. Wọn kò fi àmì sí i lórí, wọn kò sì fi sí i nídìí. Ọ̀tà ìlú Àwórì àti ọ̀tá ẹni, ọ̀kan náà ni wọ́n di lára pátákó. Nígbà tí a dé IFO, ọ̀dọ́mọkùnrin wa kà á sí “ìfò,” bí ẹni tí ó fẹ́ fò. Ìyá ẹlẹ́ja ní, “Ìfọ̀ ni. Mo ti ra gàrí níbẹ̀ rí.” A wí fún wọn pé ọ̀rọ̀ àmì yìí kì í ṣe tòní: ní ọdún 1875, àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó láti pinnu bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Àwọn tí ń kun pátákó ojú ọ̀nà kò tíì gbọ́.

Láti Ìfọ̀ lọ sí Papaláńtò ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbéra, tí ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ibi tí ó léwu ni ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má wa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ẹ fi bíréèkì ẹ̀yìn ṣáájú, ẹ rọra fi ti iwájú kún un, kí ẹ sì jìnnà sí ara yín. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí a tó wọ Abẹ́òkúta, ewúrẹ́ mẹ́ta já sí ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ló wà níwájú, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kan sì ń bọ̀ ní òdìkejì. Ó tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onítáyà nínú eruku.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìlú náà. Odò Ògùn ń ṣàn láti ilẹ̀ olókè ní apá Ṣakí, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ ọ̀sà Èkó. Láàárín odò àti àpáta ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká. A gun Olúmọ. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan síbẹ̀ láti máa gbé ènìyàn ròkè, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni a gbà. A wọ abẹ́ àpáta níbi tí àwọn tí ogun lé ti sá pamọ́ sí, a sì rí ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan lára òkúta. Ìyá ẹlẹ́ja tẹ ọwọ́ bọ ihò kan, ó ní ata ni wọ́n ń lọ níbẹ̀. Ẹni tí ń fi ibẹ̀ hàn wá ní àgbàdo ni. Wọ́n ṣe àríyànjiyàn rẹ̀ títí.

Láti orí òkè ni ènìyàn ti ń rí i bí ìlú ti rí, àti ibi tí ogun Dàhòmì gbà wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gẹ́zò ọba Dàhòmì kó ogun wá, àwọn obìnrin ológun sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ará Ìṣágà ti tàn án jẹ: wọ́n ní kí ó wá lọ́sàn-án, kí ó sì gba ibi tí odi ti le jù. Ní ẹnubodè Arò ni Ẹ̀gbá ti lé wọn padà. Ní 1862, Dàhòmì gbẹ̀san, ó pa Ìṣágà run. Ní 1864 wọ́n tún dé Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì tún ṣẹ́gun wọn.

A dé Aké pẹ̀lú. Ní ìlú yìí ni Àjàyí Crowther ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Níhìn-ín náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, kí àwọn ènìyàn lè máa fi ojú ara wọn ka ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó parí ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ìyá ẹlẹ́ja kò sí nínú gbogbo èyí. Nígbà tí a jókòó ní Ìtọ́kú, láàárín àwọn aládìrẹ, a sọ fún un nípa Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. A ní àwọn obìnrin ọjà wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn 1940 láti kọ́ ìwé kíkà. A ní àwọn obìnrin wọ̀nyí kan náà ló jáde ní 1947 nítorí owó orí, tí wọn kò sì dúró títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní 1949. Ìyá dákẹ́. Ó béèrè pé, “Àwọn tó ń kọ́ ìwé yẹn, ṣé wọ́n ń ta ẹja nínú wọn?” A ní ọjà gbogbo ni. Ó ní, “Iye owó orí tí wọ́n kọ fún wọn, àwọn fúnra wọn ló ń kà á?” A ní ìdí tí wọ́n fi wá kọ́ ọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó dé kíláàsì kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, ó ní kí a kọ́ òun bí a ti ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ òun ní gbèsè, àti iye rẹ̀. Oníbàárà kan ti ń sẹ́ gbèsè rẹ̀ fún un láti ọdún tó kọjá. Ó ti kọ ojú-ewé mẹ́rin báyìí.

A tún ń lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè kí bàbá onítáyà yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Ìwé wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín sí i. Ẹ má ṣe rán ọmọ.