Wolé-wolé Abẹ́ Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀wò Ihò Ìdánwò Òkúta Elépo



Kò sí àgbà nínú wa tí kò rántí wolé-wolé. Bí ó bá ti yọ ní òpin àdúgbò, ẹni tí ìkòkò omi rẹ̀ kò ní ìdérí a sáré wọlé, ẹni tí àgbàlá rẹ̀ mọ́ a sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ wolé-wolé ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n èyí tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà.

Òkúta kan wà níbẹ̀ tí a lè pè ní òkúta elépo. Bí a bá fọ́ ọ, epo kò ní dà jáde, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tí ì di epo. Àfi bí a bá mú un gbóná nínú ìléru títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 500 ti Celsius, nígbà náà ni epo yóò jáde bí oru. Ní 1944, nígbà tí ogun ń jà, Amẹ́ríkà ṣe òfin láti wá epo ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí kànga epo. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Bureau of Mines ṣe wa ihò ìdánwò sí Anvil Points, nítòsí ìlú Rifle. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí yàrá, wọ́n sì fi òpó òkúta sílẹ̀ láti gbé òkè ró. Ìhà kọ̀ọ̀kan òpó náà tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 1977 iléeṣẹ́ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ kòtò mìíràn ní Horse Draw, tí jíjìn rẹ̀ ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Kí ni à ń pè ní ìdánwò? Iṣẹ́ tí ẹni tí ń ṣe é kò tí ì mọ òpin rẹ̀ ni. Kò mọ ìgbà tí òkúta òkè lè já; kò mọ iye afẹ́fẹ́ ajóná, methane, tí ó fara pamọ́ níbẹ̀. Eruku òkúta náà pàápàá, bí ó bá kúnná tí ó sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, lè gbiná. Ẹlòmíràn a máa wí pé, ìdánwò lásán ni, ẹ má fi òfin dí i lọ́wọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ bá kéré sí ni ojú gbọ́dọ̀ pọ̀ sí.

Ẹ wo ohun tí ó kọ́ Amẹ́ríkà lọ́gbọ́n. Ní 1972, iná ṣẹ́ nínú ihò fàdákà Sunshine ní Idaho, ènìyàn 91 sì kú. Ní oṣù March 1976, ihò èédú Scotia ní Kentucky bú gbàmù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ènìyàn 26 kú, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ olùbẹ̀wò ìjọba. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wo ewu, ewu náà ni ó gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe òfin tuntun ní 1977. Tẹ́lẹ̀ rí, iléeṣẹ́ kan náà tí ń fẹ́ kí ohun àlùmọ́nì pọ̀ ni ó ń ṣọ́ ẹ̀mí àwọn tí ń wà á. Òfin náà gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, lábẹ́ ẹ̀ka tí a ń pè ní MSHA. Ó pa á láṣẹ pé kí a bẹ gbogbo ihò abẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán lọ́dún, láìjẹ́ kí ẹni tí ó ni ín gbọ́ ṣáájú. Àwọn kan bínú pé a ń wọlé onílé láìgba ìwé àṣẹ adájọ́. Ṣùgbọ́n ní 1981, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá òfin náà láre. Bí olùbẹ̀wò bá rí ewu tí ó ti dé tán, ó lè pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn jáde ní kíá. Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ẹjọ́ kan tún wà tí ó kan òkúta elépo gan-an. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ ṣe ní ibi iṣẹ́ Cathedral Bluffs ní Colorado rú òfin, àwọn olùbẹ̀wò sì ká iléeṣẹ́ tí ó ni ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ kò. Iléeṣẹ́ náà wí pé ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀. Ní 1986, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington dájọ́ pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹni tí ó ni ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Bí a bá gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, a kò tíì gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ara wa.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ìbẹ̀wò mẹ́rin kò tó ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀rù òkúta tí ń bẹ lókè orí lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí òfin fi jẹ́ kí aṣojú àwọn awakùsà bá olùbẹ̀wò rìn, kí ó sì lè fi ìwé pè é bí ó bá rí ohun tí ó lè pani. A kò sì gbọdọ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Èyí ni mo kà sí ọgbọ́n tí ó tóbi jùlọ nínú rẹ̀: pé ẹni tí ń forí la ewu ni a fún ní ohùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí wolé-wolé bá kan ilẹ̀kùn wa, ẹ má jẹ́ kí a bi í pé ta ni ó rán an wá. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni yóò kú bí kò bá wá.