Ikú Ẹni Tí Kò Ní Olùfisùn

A ránṣẹ́ pe àwọn aṣòfin, díẹ̀ ló jẹ́ ìpè. Ẹ̀yin tí ẹ wá, ẹ bá mi kí àwọn tó kù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn la sọ.

Ìwà ipá sí àwọn aláìnílé ni ọ̀rọ̀ wa, mi ò sì ní fi ìtumọ̀ gba àkókò yín. Aláìnílé ni ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá tí kò ní ilẹ̀kùn tí yóò tì: abẹ́ afárá, iwájú ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì, inú ọjà. Ìwà ipá tí à ń wí náà kò fara sin: lílù, ìfipábánilòpọ̀, dídáná sunni, pípani nítorí ẹ̀yà ara. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní Yorùbá kì í ní aláìnílé. Wọ́n ní agbo ilé ń gba gbogbo ọmọ, pé ẹni tó bá ń sùn síta, bí kò bá jẹ́ àjèjì, orí rẹ̀ kò pé, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ṣẹ ẹbí rẹ̀. Mo ti dá wọn lóhùn nínú ìwé, mo ti dá wọn lóhùn ní ìpàdé, n ó tún dá wọn lóhùn lónìí. Ìbàdàn tí a jókòó sí yìí ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ìlú Òwu ti tú, tí ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ti di ahoro, àwọn ọmọ ogun àti asásàálà láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ síbí. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ olórí wọn kó àwọn Ẹ̀gbá tó ṣẹ́kù lọ sábẹ́ àpáta Olúmọ. Agbo ilé wo ló gbà wọ́n lọ́jọ́ náà? Àwa ọmọ asásàálà la wá ń sọ pé aláìnílé kì í ṣe ara wa! Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ó ní ogun yàtọ̀ sí òṣì. Mo ní kó lọ bi àwọn ará Máròkó. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó àdúgbò wọn, tí wọ́n ṣírò àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sí nǹkan bí 300,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹbí, wọ́n ní orúkọ ìdílé, wọ́n sì sun ìta. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì fèsì.

Ìdí tí n kò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ ni pé èrò yẹn ń pa ènìyàn. Ẹni tí a bá ti sọ pé kò lẹ́bí, ta ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní tẹ́ṣàn? Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ní Ṣókà nínú ìlú wa yìí, àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn tó di àwátì ló já wọ igbó kan níbẹ̀. Egungun ni wọ́n bá, àti àwọn alààyè tí a fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè, tí ebi ti lù fọ́. Ọlọ́kadà ní ẹgbẹ́ tó ń wá a. Ta ló ń wá alárù tó ń sùn nínú ọjà? Bí ẹnìkan bá sì nàka sí alákìísà, tó ké pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, táyà àti bẹntiróòlù ti dé. Bó bá di ọjọ́ kejì, a ní bóyá wèrè ni, a kọjá lọ.

Nígbà tí mo ń kàwé, bí mo bá ti ọjà Dùgbẹ̀ bọ̀ lóru, mo máa ń rí àwọn alárù lórí páálí. Ọlọ́dẹ a da omi lé wọn, àwọn èrò a rẹ́rìn-ín. Lónìí fóònù ni wọ́n ń yọ. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí wọ́n ń lù kì í ṣe eré orí ìtàgé!

Ẹ̀yin aṣòfin, abala 128 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láṣẹ ìwádìí. Abala 129 ní ẹ lè ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì mú ẹni tó bá kọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ìwé òfin náà ní kí ẹ wádìí kí ẹ lè tún ibi tí òfin ti mẹ́hẹ ṣe. Ẹ béèrè: òkú mélòó ni wọ́n kó ní títì tí kò lórúkọ? Mélòó ni dókítà yẹ̀ wò láti mọ ohun tó pa á? Ta ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́? Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà, nítorí láti 1989 ni òfin ti fagi lé mímú ènìyàn fún ìrìnkiri lásán, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kó àwọn aláìnílé.

Alága ti ń wo aago. Ti Amẹ́ríkà, n ó gé e kúrú: ní 2009, ìpínlẹ̀ Maryland fi aláìnílé kún àwọn tí òfin ìwà ọ̀daràn ìkórìíra ń dáàbò bò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà wọn jókòó gbọ́ ẹ̀rí lórí ìkọlù sí aláìnílé. Láti 1999 ni ẹgbẹ́ National Coalition for the Homeless ti ń ka ìkọlù wọ̀nyí sínú ìwé. Àwa náà, kíkà ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Àyè kò sí mọ́ fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé abẹ́ afárá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kó kọ́kọ́ fún àwọn aṣòfin, kó tó kan ẹlòmíì.