Oúnjẹ Tí Iṣu Ń Jẹ Lójú Oorun



Àgbẹ̀ tí ó wa iṣu ní oṣù Kejìlá, tí ó dì í mọ́ igi nínú àká, gbà pé òun ti fi oúnjẹ pamọ́. Bí oṣù Kẹrin bá dé, iṣu náà ti fúyẹ́. Eku kò jẹ ẹ́, kò sì rà. Omi ara rẹ̀ gbẹ lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ni ó lọ. Iṣu ń jẹ ara rẹ̀.

Bí pòtétò ti ń fi oorun la ìgbà òtútù já ní ilẹ̀ òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni iṣu ń fi oorun la ẹ̀ẹ̀rùn já ní ilẹ̀ wa. Sítáàṣì tí ewé rẹ̀ kó jọ ní ìgbà òjò ni ó ń ná. Ẹ jẹ́ kí a fi sítáàṣì wé ẹ̀wọ̀n gígùn tí orúka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ṣúgà. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú iṣu a máa já ẹ̀wọ̀n náà, iṣu a sì máa fi afẹ́fẹ́ jó ṣúgà tí ó bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jó gíráàmù 180 ṣúgà, yóò gba gíráàmù 192 ọ́síjìn. Gíráàmù 264 afẹ́fẹ́ irú èyí tí àwa náà ń mí jáde, àti gíráàmù 108 omi, ni yóò ti ibẹ̀ jáde, pẹ̀lú ooru. Ìdí nìyí tí iṣu tí a kó jọ gègèrè síbi tí atẹ́gùn kò dé fi ń gbóná.

Ìmí iṣu kò dọ́gba. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á, tí ó ń wo ọgbẹ́ ọkọ́ àti àdá sàn, ó ń mí kíkankíkan. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́rin. Bí ó bá fẹ́ ta, ìmí náà tún ròkè. Abẹ́ èèpo níhà orí ni ẹ̀hù ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ṣúgà ń darí sí, irú èyí tí ń bẹ nínú ìrèké. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ní iṣu tí ó pẹ́ nínú àká dùn ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ kò parọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di fà-á-kí-n-fà-á. Àgbẹ̀ fẹ́ kí iṣu sùn pẹ́, kí òun lè tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Àwọn tí ń wá irú iṣu tí ó sàn jù, bí àwọn onímọ̀ IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, fẹ́ kí ó tètè jí, nítorí oorun yìí ni kì í jẹ́ kí a gbin ìran méjì láàárín ọdún kan. Kẹ́míkà gibberellin tí ń jí pòtétò, oorun ni ó ń fi kún ti iṣu! A kò lè kọ́ ìtọ́jú iṣu láti inú ìwé pòtétò. Bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 12°C fún ìgbà pípẹ́, iṣu yóò bàjẹ́. Ìwọ̀n bí 16°C ni ó ń dín ìmí rẹ̀ kù láìpa á lára.

Fún àgbẹ̀ Olódò, ìbòòji àti atẹ́gùn ni ohun tí owó rẹ̀ ká. Láti oṣù Kejì ni kí ó ti máa yẹ àká wò, kí ó máa ṣẹ́ ẹ̀hù ara iṣu jíjẹ kí ó tó gùn. Èyí tí ó wà fún gbígbìn ni kí ó fi sílẹ̀.