Ọmọ Ayò Kan Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ wo ọpọ́n ayò tó wà lórí tábìlì yìí. Ilé 12 ló ní, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò kan ṣoṣo ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin bí a ti ń tò ó bí a bá fẹ́ ta. Òfin eré náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ ṣí ayò yóò mú ọmọ ayò méjì tó bá wù ú, yóò sún ọ̀kan síwájú ilé kan, yóò sì sún èkejì sẹ́yìn ilé kan, bí a ti ń yí ọpọ́n po. Ǹjẹ́ gbogbo ọmọ ayò 12 lè jọ wọ ilé kan ṣoṣo?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ á lóye ìbéèrè yìí. Bàbá rẹ̀ lè jókòó tì í di alẹ́. Irú ìbéèrè tí wọ́n ń lò nínú ìdíje ìṣirò fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nìyí, ọpọ́n ayò sì ni ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire níbí. Ọdún 1912 ni ojú irin tó ti Abidjan bọ̀ dé ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ló bá ojú irin yẹn rìn, tí wọ́n ń pàtẹ láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹni tó bá gbé ọpọ́n ayò wá láti ilé á ti rí i pé òun kàn ń ru ẹrù lásán ni. Awalé, bí wọ́n ti ń pe ayò níbí, ti wà lọ́wọ́ àwọn Baoulé onílẹ̀ kó tó dé. Orúkọ ló yàtọ̀. Ilé 12 ni, ọmọ ayò 48 sì ni.

Ìbéèrè ìdíje yàtọ̀ sí ti ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò BEPC tàbí BAC fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mọ ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Olùkọ́ á kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó, ọmọ á ṣe irú rẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára, tó bá di ọjọ́ ìdánwò, wọn á pààrọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀. Ìbéèrè ìdíje kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí ọmọ fi máa yanjú rẹ̀ ti lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí ọdún méjì, mẹ́ta. Ẹni tí yóò sọ fún un pé èyí ni kó mú ni kò sí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń gba 18 nínú 20 ní kíláàsì fi lè jókòó ti ìbéèrè kan fún odidi wákàtí kan kí ìwé rẹ̀ ṣì funfun báláú. Òbí tó bá yọjú wò ó á ní ọmọ ti ya ọ̀lẹ. Irọ́ ni.

Ní Romania, lọ́dún 1959, ni ìdíje ìṣirò àgbáyé fún irú àwọn ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje péré ló wá. Lónìí, wọ́n ti ju 100 lọ. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbéèrè mẹ́ta lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máàkì 7 ni ìbéèrè kan, 42 sì ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Áfíríkà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1987 lábẹ́ African Mathematical Union, Morocco ló sì kọ́kọ́ gbà á lálejò. Ìdíje àgbáyé fúnra rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ wa títí di 2014, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Cape Town.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá ti 1959 ṣì dùn títí di òní. Mú nọ́ńbà odidi kan, láti 1 lọ sókè, kí o pè é ní n. Sọ ọ́ di ìlọ́po 21, fi 4 kún un: ti òkè nìyẹn. Tún sọ n náà di ìlọ́po 14, fi 3 kún un: ti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Fi ẹ̀rí hàn pé ìdá tó bá jáde kò ní ṣeé gé kúrú mọ́, n ì báà jẹ́ èló.

Ká gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Bí n bá jẹ́ 1, aṣọ kan gùn ní 25, èkejì gùn ní 17. Télọ̀ ń wá ọ̀pá kan tí yóò wọn méjèèjì gérégé láìṣẹ́kù. Ọ̀pá tó bá wọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ, ìyẹn 8. Bó bá wọn 8, yóò wọn 16. Bó bá wọn 16, tó sì wọn 17, a jẹ́ pé ó wọn 1. Kò lè gùn ju 1 lọ nìyẹn. Kí n di 2: aṣọ 46 àti aṣọ 31. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 15, ìlọ́po méjì 15 jẹ́ 30, 31 sì fi 1 ju 30 lọ. Bákan náà ni yóò máa rí. Ohun tí aṣọ ńlá fi ju kékeré lọ ni ìlọ́po 7 n àti 1. Ìlọ́po méjì ìyẹn ni ìlọ́po 14 n àti 2. Aṣọ kékeré fi 1 ju ú lọ. Ó tán.

Yíyọ ni gbogbo rẹ̀. Kò yẹ kí yíyọ ṣàjèjì sí ẹni tí èdè rẹ̀ ń pe 17 ní ẹ́tàdínlógún, tó sì ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n Faransé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí fi ń ka nǹkan, dix-sept, mẹ́wàá àti méje. Ọmọ tó bá bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí òǹkà ilé fi ń kọ́kọ́ kọjá síwájú kó tó padà sẹ́yìn ti ń ṣe ìṣirò lọ nìyẹn.

Ó yá, ká padà sídìí ọpọ́n. Ká fún àwọn ilé ní nọ́ńbà, 1 títí dé 12, yípo. Inú ọmọ tó bá gbìyànjú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn, nítorí pé kíkó 11 jọ kò le. Á ya ọmọ ayò kan sọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń sún òmíràn síwájú, èyí ni yóò máa sún sẹ́yìn. Kò ní pẹ́ tí 11 á fi pé sínú ilé 1. Ẹyọ kan ló kù. Ibo ló wà? Ilé 7, igun kejì ọpọ́n lọ́hùn-ún. Ọmọ á tú wọn ká, á tún wọn tò, á gba ọ̀nà mìíràn. Ilé 7 náà ni. Á ní kí òun kó wọn sí ilé 3; àṣẹ́kù á bọ́ sí ilé 9. Ibi tí òpè ti ń bínú da ọmọ ayò nù nìyí. Ibẹ̀ náà ni ọ̀ta ti ń fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọpọ́n: kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́fà géérégé ló máa ń kù?

Ká ní ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ń gbé nọ́ńbà ilé tí ó wà nínú rẹ̀ rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá ṣírò 1 títí dé 12 pọ̀, 78 ni. Nígbà tí ọ̀kan bá sún síwájú, 1 á lé. Nígbà tí èkejì bá sún sẹ́yìn, 1 á dín. Àròpọ̀ kò yí padà. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń yí: ẹnu ibodè, níbi tí ọmọ ayò ti ń ti ilé 12 bọ́ sí ilé 1, tàbí tó ń ti ilé 1 padà sí ilé 12. Níbẹ̀, odidi 12 ló máa ń jáde tàbí tó máa ń wọlé. Nítorí náà, bí a bá fi 12 pín àròpọ̀ náà nígbàkígbà, 6 ni yóò máa ṣẹ́kù, bí ó ti ṣẹ́kù lára 78. Bí gbogbo 12 bá sì jọ wà nínú ilé kan, nọ́ńbà ilé yẹn lọ́nà 12 ni àròpọ̀. Òdo ni yóò ṣẹ́kù. 6 kò lè di òdo. Ọmọ ayò yẹn kò ní wọlé láéláé, ẹni yòówù kó máa sún un.

Ẹ jẹ́ ká wá fi méjì-méjì sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kó di 24. Àròpọ̀ di 156, 12 sì pín in géérégé láìṣẹ́kù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á wọlé tán pátá, títí dórí èyí tí a yà sọ́tọ̀. Ẹrù di ìlọ́po méjì, ó wá ṣeé gbé! Bí olùkọ́ bá sọ èyí lẹ́nu lásán, ọmọ kì í gbà á gbọ́. Àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ sún un.

Ní Côte d'Ivoire, àwọn kan ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Joséphine Guidy Wandja, ọ̀kan lára àwọn obìnrin Áfíríkà tó kọ́kọ́ di dókítà nínú ìmọ̀ ìṣirò, gbé ìwé aláwòrán kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1985, Yao crack en maths. Yao yìí, orúkọ tí à ń gbọ́ ní gbogbo ojúlé ilẹ̀ Baoulé, ló sọ di ògbóǹtarìgì oníṣirò. Société Mathématique de Côte d'Ivoire náà ní ìdíje kan fún àwọn ọmọbìnrin, Miss Mathématiques. Àjèjì tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lè rò pé ẹwà ojú ni wọ́n ń wò. Ìwé àti bírò ni.

Bouaké ní ti rẹ̀ ti fara gbá nǹkan. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì, ìlú yìí sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìjọba sá lọ sí gúúsù, yunifásítì kó lọ sí Abidjan. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí àwọn kan nínú wọn kì í ṣe olùkọ́ tẹ́lẹ̀, ló di kíláàsì mú. Ìdánwò falẹ̀ kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi pé àpẹẹrẹ ojú pátákó ni wọ́n gbá mú? Ẹni tó ń sáré bá ọdún ẹ̀kọ́ kò ní wákàtí kan àtààbọ̀ láti fi jókòó ti ìbéèrè kan. Àmọ́ ogun ti parí láti 2011, sísáré yẹn kò sì tíì kúrò nínú kíláàsì púpọ̀. Yàrá kan lọ́sàn-án Ọjọ́rú ti tó ẹgbẹ́ ìṣirò, pẹ̀lú ìbéèrè méjì àti olùkọ́ tó lè pa ẹnu mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló wọ́n jù.

Lọ́dún 2002 yẹn kan náà, ní Amsterdam, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà nínú awari, tí í ṣe ẹ̀yà ayò wa yìí. Ipò 889,063,398,406 ni. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjì tó ń ta á kò bá ṣi ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀mì ni wọ́n á ta. Ọ̀nà kúkúrú kò sí fún kọ̀ǹpútà náà, kíkà ló kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ní bírò kan sì fi ìlà mẹ́rin parí ọ̀rọ̀ ọmọ ayò 12.

Èyí tó kù di ti ilé. Bí ọpọ́n bá ní ilé 11, tí ọmọ ayò kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ǹjẹ́ wọ́n á jọ wọlé? Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ọpọ́n onílé 11, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé gbogbo wa, ọmọ sì lè fi ìka gbẹ́ ihò 11 kí omi ọbẹ̀ tó hó.