Ẹ Kọ Orúkọ Sí Ẹ̀yìn Àwòrán



Nígbà tí a ṣe eré ọdún Àjíǹde tán, a rí àwòrán eré àtijọ́ kan nínú àpótí aṣọ eré wa. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀. A dá márùn-ún mọ̀. A gbé e tọ àwọn àgbà lọ, wọn kò mọ àwọn mẹ́ta yòókù. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìlù kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn àwòrán náà.

Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963. Ní 1967, ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán tẹ eré àwọn òṣèré ńlá wa jáde. Ta ni yóò tẹ tiwa, bí kò ṣe àwa fúnra wa?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ya eré wa, kí ó ya onílù, aránṣọ àti ẹni tí ó mú fìtílà dání, kì í ṣe ẹni tí ó dé adé nìkan. Kí ó kọ orúkọ wọn àti ọdún sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó sì gbé ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn, kí a lè rí ojú tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú àpótí yín. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ṣeré fún ìlú yìí. Kò yẹ kí wọ́n di aláìlórúkọ nínú rẹ̀.